Ehoro wo ni kí ẹ rà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ máa sin ehoro fún ẹran nílé láìná owó rẹpẹtẹ

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ehoro fún ẹran sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Èló ni?" Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ kò yẹ kó ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ọmọ tí abo náà ń bí lẹ́ẹ̀kan, àti mélòó nínú wọn ló ń yè títí dìgbà tí wọ́n á já wọn lẹ́nu ọmú. Abo tó ń bí mẹ́jọ tó sì ń tọ́ méje yè, ká tiẹ̀ ní owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì, òun ló pọ́ọ́kú. Èyí tí kì í tètè lóyún ń jẹun lójoojúmọ́ bíi tẹgbẹ́ rẹ̀, oúnjẹ sì ni owó ń bá lọ jù nínú sísin ehoro. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n gbogbo ohun tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ̀yà ńlá, ẹ̀yà kékeré, àti àwọn tó wà láàárín

| Ẹ̀yà | Ìwọ̀n rẹ̀ tó bá dàgbà tán | Ìgbà tí abo rẹ̀ tó gbé fún akọ |
|---|---|---|
| New Zealand White | kílò 4 sí 5.5 | oṣù 5 sí 6 |
| Californian | kílò 3.5 sí 4.8 | oṣù 5 sí 6 |
| Flemish Giant | kílò 6 sókè | oṣù 8 sí 9 |
| Dutch | bíi kílò 2 | oṣù 4 sí 5 |

Flemish Giant ló máa ń wu èèyàn jù tó bá kọ́kọ́ rí i. Ehoro tó ju kílò mẹ́fà lọ, ta ni kò ní rò pé ẹran rẹ̀ á pọ̀? Ṣùgbọ́n egungun ló kọ́kọ́ ń fi oúnjẹ rẹ̀ kọ́, ẹran ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ọmọ New Zealand White bá ti tó pa jẹ, ti Flemish Giant ṣì ń ga ni. Ẹ máa bọ́ abo rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta sí i kí akọ tó lè gùn ún, ilé rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Bó bá jẹ́ orí wáyà lásán ló ń dùbúlẹ̀ sí, ìwọ̀n ara rẹ̀ lè dá egbò sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ lè rà á nítorí ìfẹ́. Fún ẹran inú ilé, èmi ò ní fi ṣe ìpìlẹ̀. Àwọn kan tún máa ń gbani nímọ̀ràn pé ká fi akọ rẹ̀ gun abo ẹ̀yà kékeré kí ọmọ lè tóbi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmọ tó tóbi jù lè há nígbà ìbí, kí ìyá àti ọmọ sì bá a lọ.

Òdìkejì rẹ̀ ni Dutch. Kì í jẹun púpọ̀, ilé kékeré tó o, abo rẹ̀ a sì máa tọ́mọ dáadáa, débi pé wọ́n máa ń gbé ọmọ ehoro mìíràn fún un tọ́. Ẹran ara rẹ̀ ló kéré. Ẹni tí kò ní àyè rárá lè rà á.

Àwọn tó wà láàárín, ìyẹn New Zealand White àti Californian, ló bá iṣẹ́ yìí mu jù. Bí wọ́n bá ń jẹun dáadáa, ọmọ wọn máa ń tó kílò méjì tàbí kó lé díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 10 sí 12. Tí ẹ bá pa á, tí ẹ bó o, tí ẹ sì kó ìfun rẹ̀ kúrò, ohun tó ń ṣẹ́ kù máa ń lé díẹ̀ ní ìdajì ìwọ̀n tó ní láàyè. Californian ni èyí tó funfun, tí imú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù rẹ̀ dúdú; egungun rẹ̀ tín-ínrín, ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú ẹ̀yà méjèèjì jáde, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ń bu owó lé tirẹ̀ pé láti New Zealand gan-an ni wọ́n ti gbé e wá, ẹ má sanwó fún ìtàn yẹn. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ rìnrìn àjò jíjìn. Èyí tó bá wà nítòsí yín, lọ́wọ́ ẹni tó mọ ehoro sìn, ni kí ẹ mú.

Àdàlù ńkọ́? Owó rẹ̀ ló sábà máa ń kéré jù, èmi ò sì kà á sí ohun ẹ̀gàn rárá. Ọmọ tí ẹ̀yà ẹran méjì tó yàtọ̀ síra bá bí sábà máa ń lágbára, abo inú wọn a sì máa tọ́mọ yè dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọ̀ kò sọ nǹkan kan fúnni. Ehoro funfun olójú pupa tí wọ́n ń pè ní New Zealand White lè jẹ́ ọmọ ehoro kékeré tí kò ní kọjá kílò méjì ààbọ̀ láéláé. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ hàn yín, kí wọ́n sì gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú yín. Bí ìyá bá tó kílò mẹ́rin, tí ẹ sì rí àwọn ọmọ tó bí gbẹ̀yìn tí ara wọn dá, àdàlù abo yẹn tó rà.

Ọmọ kékeré, ọ̀dọ́, abo tó ti bí rí, tàbí aboyún?

Ibí yìí ni owó ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láìfura.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni owó rẹ̀ kéré jù. Ṣùgbọ́n ẹ óò bọ́ ọ fún bí oṣù mẹ́rin kí ó tó wúlò fún ìbísí, ẹ sì máa ń rà á nígbà tí inú rẹ̀ ṣì lè bàjẹ́ ní wàrà-wéré, nítorí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó tẹ̀lé ìjálẹ́nu-ọmú ni ìgbẹ́ gbuuru máa ń pa ọmọ ehoro jù. Ó tún rọrùn láti ṣi akọ àti abo mú. Mo mọ̀ pé owó yẹn ń fani mọ́ra. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta lé ní iye tí ẹ nílò, kí ẹ sì pa èyí tí kò bá dàgbà dáadáa jẹ. Èyí tí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọ̀dọ́ ehoro oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ni èmi máa ń ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà. Ó ti la ìgbà ewu kọjá, akọ tàbí abo rẹ̀ hàn kedere, oúnjẹ tí ẹ máa fún un kí ó tó gba akọ kò ju ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló sì fi ń mọ́ ilé àti ọwọ́ yín lára. Owó rẹ̀ ju ti ọmọ kékeré lọ, àmọ́ tí ẹ bá ṣírò oúnjẹ oṣù mẹ́rin àti ọmọ tó lè kú, kò wọ́n jù ú lọ mọ́.

Abo tó ti bí rí lè jẹ́ ọjà tó dáa jù lọ, ó sì lè jẹ́ èyí tó burú jù. Kò sẹ́ni tó ń fi tayọ̀tayọ̀ ta abo tó ń bí mẹ́sàn-án tó ń tọ́ wọn yè. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń tà á, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn yín: ọjọ́ tí wọ́n bí i, iye tó bí, iye tó yè. Abo máa ń ṣiṣẹ́ gidi fún bí ọdún méjì sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bí kò bá sí ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lẹ ń rà.

Aboyún ni mo ń ṣọ́ra fún jù. Ọjọ́ 31 péré ni oyún ehoro, nítorí náà ó ń wu èèyàn pé kí ó ra ìyá àtọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò àti ilé tuntun lè mú kí oyún bà jẹ́, tàbí kí ìyá kọ ọmọ rẹ̀ tó bá bí wọn tán. Oyún irọ́ sì wà, tí abo á máa fa irun àyà rẹ̀ tu bí ẹni tó fẹ́ bímọ, tí kò sì ní nǹkan kan nínú. Tí wọn ò bá lè sọ ọjọ́ tí akọ gùn ún àti akọ wo ni, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀ nítorí oyún.

Ibi tó yẹ kí owó yín lọ: akọ

Akọ kan tó fún abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ abo méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń ní. Ìdajì ohun tó wà lára gbogbo ọmọ tí ẹ máa bí, ọ̀dọ̀ akọ kan ṣoṣo yìí ló ti wá. Nítorí náà, ẹ lè dín owó kù lórí abo, ẹ má dín in kù lórí akọ. Àdàlù abo tó mọ ọmọ tọ́, pẹ̀lú akọ ojúlówó New Zealand White tàbí Californian, ni mo rò pé ó dáa jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Wọ́n máa ń ta akọ kan àti abo méjì pọ̀ ní owó ẹ̀dínwó. Ẹ béèrè bóyá ìyá kan náà ló bí wọn, torí bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mú àwọn abo níbẹ̀, kí ẹ lọ ra akọ níbòmíràn. Ẹ wò ó pé kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sì rántí pé bí ooru bá kọjá 30°C fún ọjọ́ mélòó kan, àtọ̀ akọ lè má lágbára láti fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má tètè dá a lẹ́bi.

Ọwọ́ ta ni kí ẹ ti rà á?

Ehoro inú ọjà pọ́ọ́kú, àmọ́ láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kó wọn jọ. Ọ̀kan tó ń sín lè kó o ran gbogbo àwọn tó kù. Fún ìpajẹ, kò burú. Fún ìbísí, rárá. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń sìn ín, ẹ máa rí ìyá, ẹ máa rí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, imú yín á sì sọ bóyá ilé náà mọ́. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni ọ̀nà kẹta, ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ọjà tó dínwó jù tó sì dáa, nítorí ó máa ń ta ilé wáyà àti abọ́ ìmumi pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé kíkú ni wọ́n ń kú ló ṣe fẹ́ jáwọ́, ẹ má mú ehoro, ẹ má sì mú ilé.

Níbikíbi tí ẹ bá dé, ẹ gbé e sọ́wọ́. Ẹ wo inú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì: bí irun ibẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀, ikun imú ló ń fi nù, ẹni tó ń tà á sì lè ti nu imú rẹ̀ mọ́ kí ẹ tó dé. Ẹ wo inú etí bóyá èépá wà níbẹ̀, abẹ́ ìrù bóyá ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn bóyá ó ti bó. Eyín òkè gbọ́dọ̀ bo ti ìsàlẹ̀ díẹ̀. Èyí tí eyín rẹ̀ ta kora lè bí i mọ́ ọmọ, kò sí ẹ̀dínwó tó tó o. Ọmú abo kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́jọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ẹni tó ń tà á sọ ohun méjì: kó bu oúnjẹ tí ehoro náà ń jẹ fún yín, èyí tí ẹ máa pò mọ́ tuntun fún ọjọ́ 7 sí 10, kó sì gbà láti pààrọ̀ abo náà bí kò bá lóyún lẹ́yìn tí akọ bá ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Inú ilé akọ ni kí ẹ gbé abo lọ o, kì í ṣe akọ lẹ ń gbé tọ abo. Ẹni tí ehoro rẹ̀ bá dá a lójú kì í kọ ohun méjèèjì yìí.