Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, àti bọ́tìnnì méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ pa

Ọmọ mẹ́rìnlá ló ń wá sọ́dọ̀ mi fún lẹ́sìnnì Yorùbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni gbogbo wọn ń lọ. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá kọ igbá, igba, ìgbà àti igbà sójú pátákó, bákan náà ni wọ́n máa ń ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fi dò-re-mí kọ́ wọn. Mo fi ọwọ́ júwe òkè àti ilẹ̀ fún wọn. Mo pariwo títí ọ̀fun fi ń dùn mí. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún yìí, mo gba Queen Cinema lọ, mo sì ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan ní ₦18,500.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí irú rẹ̀ pọ̀ ní ìsọ̀ lábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ, inú wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ó gùn tó ìka àárín, ó fẹ̀ tó ìka méjì. Spíkà wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ihò tí a ń ki wáyà etí bọ̀ wà lórí, wáyà tí a fi ń ṣájì fóònù sì bá a mu. 16GB ló wà nínú rẹ̀. Tí mo bá ti ṣájì rẹ̀ kún, ó ń tó mi lò fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílé tí iná kì í dúró.

Nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọdé, àpótí Rediffusion tí wọ́n fi wáyà fà wọlé ló ń sọ̀rọ̀ lára ògiri nílé wọn. Wọn ò lè yí i sí ibòmíràn, wọn ò sì lè dá a lóhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì gan-an nìyẹn. Ìmọ̀ tó gbé wọlé pọ̀, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú láé, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn ọmọ kankan rí. Èyí tí mo rà yìí, ohùn ọmọ ló ń gbà, tó sì ń dá a padà fún un, ìdí tí mo fi rà á nìyẹn.

Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ A-B sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un tẹ̀ níbi tó parí sí, á máa tún ibẹ̀ sọ títí ẹ ó fi ní kó dákẹ́. Bọ́tìnnì yẹn nìkan tó owó tí mo san. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan wà lọ́dọ̀ mi, tí mo bá pe ọkọ̀, ọkọ lòun máa ń pè. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń sọ fún un pé, "Jẹ́ kó wálẹ̀." Á rẹ́rìn-ín, á tún pe ọkọ. Lọ́jọ́ kan mo gba ohùn tèmi, mo gba ohùn tirẹ̀ tẹ̀ lé e, mo fi A-B dè wọ́n pọ̀, mo sì ki wáyà sí i létí. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó yọ ọ́ létí, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, tèmi ò wálẹ̀." Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì wálẹ̀.

Ohun tó fà á kì í ṣe awo. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ló ń gbé ohùn wa wá sí etí wa, egungun orí náà ń gbé e. Ohùn inú ẹ̀rọ kò ní ti egungun yẹn nínú, òun ló fi máa ń dà bí ohùn àjèjì sí wa. Ọmọ kì í rí àṣìṣe ara rẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n tó bá ti dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀, kíá ló máa ń mú un.

Mo gbé e tọ baba onílù kan lọ, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi dùndún pe orúkọ ìlú mẹ́wàá. Àwọn ọmọ ní láti gbọ́, kí wọ́n sì mú ìlú tí wọ́n gbọ́ nínú èyí tí mo kọ sójú pátákó. Ìbàdàn kò le: dò, dò, dò. Abẹ́òkúta gba ìfarabalẹ̀: re, mí, dò, mí, re. Ibi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ tèmi ni Ọ̀yọ́. Ọmọkùnrin kan ní, "Ìwó ni." Mo ní rárá. Ó ní ká tún gbọ́ ọ. A tún gbọ́ ọ, òótọ́ ló sọ: dò, mí ni Ọ̀yọ́, dò, mí náà ni Ìwó, ìlù kì í sì í pe y tàbí w. Láti ibẹ̀ la ti bọ́ sí ìdí tí onílù kì í fi pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó dákẹ́, tó fi jẹ́ pé odidi gbólóhùn ló máa ń lù kí ẹni tó gbọ́ má baà ṣì í mú. Wákàtí kan ààbọ̀ la lò lórí ìyẹn, kò sẹ́ni tó bèèrè ìgbà tí a ó parí. Spíkà ara rẹ̀ ò gbé ohùn ìyá ìlù dáadáa ṣá o, ó ń mú un tínrín. Mo fi wáyà so ó mọ́ spíkà ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó ti dùn mí. Ọmọ tó tà á fún mi yin ohun méjì tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Mọ́mì, ó ń gé ariwo dànù, tẹ́nikẹ́ni ò bá sì sọ̀rọ̀, á dúró fúnra rẹ̀." Ó tan méjèèjì fún mi kí n tó kúrò ní ìsọ̀. Mo dé ilé, mo ka ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, kọ́, kọ, kọ̀ ni mo ń gbọ́. Ọ iwájú ti lọ. Ẹ̀rọ náà máa ń dúró de ohùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, kó sì tó jí, ìró àkọ́kọ́ ti kọjá. Èdè tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ ń fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, ẹ ò lè lo irú èyí fún un. VOR ni wọ́n kọ síbẹ̀; ẹ pa á. Agéariwo náà, ẹ pa á, torí ohùn ìsàlẹ̀ tó bá gbẹ̀yìn gbólóhùn máa ń rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ á rò pé ariwo ni, á sì gé e kúrò. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ṣòfò.

Ẹ wo bó ṣe ń tọ́jú ohùn pẹ̀lú. MP3 32kbps ni wọ́n tò ó sí láti ilé iṣẹ́, èyí tó ń fún ohùn pọ̀ kó má baà gba àyè; ní ipò yẹn, sá àti ṣá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra mọ́. Ìbàdàn sì nìyí, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń pe ṣ bíi s. N kò fẹ́ kí ẹ̀rọ tún dá kún un. Mo yí i sí WAV 1536kbps, tí kì í fún ohùn pọ̀. Ìṣẹ́jú kan ń gba bíi 11MB, nítorí náà 16GB á gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlélógún. Ó tó.

Àwọn òbí kan bi mí pé kí ló dé tí n kò lo fóònù. Mo lò ó. Ìpè á wọlé, tàbí ọmọ á ṣí géèmù.

Lópin ọ̀sẹ̀, ọmọ kan á gbé ẹ̀rọ yìí lọ sílé kó fi gba ohùn àgbà kan nínú ẹbí. Ìyá àgbà ará Ìṣẹ́yìn kan ki oríkì ọmọ-ọmọ wọn fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọmọ náà gbé e dé, kò mọ ìdajì ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó ti há àwọn ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ sórí, ohùn rẹ̀ lórí wọn sì tọ́ láìsí pé mo fi àmì kankan hàn án. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó tì í tí a jọ ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó ń dúró, tí ó ń padà sẹ́yìn, tí ó ń fi etí yan ibi tí àmì yóò wà. N kò rí kí ọmọ fara balẹ̀ báyìí lórí ìwé kankan rí.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín. Ẹ pa bọ́tìnnì méjì yẹn, VOR àti agéariwo, ẹ pe ọ̀kọ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì fetí sí ọ̀ iwájú àti kọ̀ ẹ̀yìn kí ẹ tó sanwó.