Ilẹ̀kùn alumíníọ́mù fún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: èwo ni kí ẹ rà?

Ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn máa ń ká mi lára jù. Gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde á ti dà sí iwájú ààfin, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì láti àárọ̀ dalẹ́, ilẹ̀kùn nìkan ló kù tó ń ṣọ́ ọjà. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹni tó bá fẹ́ ra ti alumíníọ́mù pé kó má fi dídán nìkan yàn án. Oríṣi mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: èyí tí à ń fà lórí réèlì, èyí tí kò ní férémù, tó jẹ́ gíláàsì látòkè délẹ̀, àti èyí tó ní férémù àti hínjì.

Èyí tí à ń fà kì í gba àyè, ó dára fún ṣọ́ọ̀bù tó fẹnu lé títì. Òkè ni àléébù rẹ̀ wà. Kí wọ́n tó lè gbé e sínú réèlì, wọ́n ní láti fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lókè. Àlàfo yẹn náà ni olè fi ń gbé e kúrò lórí réèlì láìfọ́ gíláàsì. Ẹ ní kí wọ́n kan ìdènà mọ́ réèlì òkè lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti wọlé, kí ahọ́n lọ́ọ̀kù rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìwọ̀, torí ahọ́n tó gún gbọọrọ á yọ bí wọ́n bá fi irin ya ilẹ̀kùn kúrò lára férémù.

Èyí tí kò ní férémù ni hòtẹ́ẹ̀lì àti báǹkì fẹ́ràn, ẹwà rẹ̀ ò ṣeé bá jiyàn. Ṣùgbọ́n alumíníọ́mù rẹ̀ ò ju ọ̀pá tó gbá gíláàsì mú lókè àti nísàlẹ̀ lọ. Gíláàsì sì wúwo: èyí tó fẹ̀ ní mítà 1, tó ga ní mítà 2.1, tó nípọn tó mìlímítà 12, á wọn kílò 63, nígbà tí àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ 50. Orí fúlọ́ọ̀ máṣíìnì, ẹ̀rọ tó ń dá ilẹ̀kùn padà sáàyè rẹ̀, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ni gbogbo ẹrù yẹn wà. Bí àgbàrá bá ń wọ àpótí máṣíìnì náà, á dípẹtà, ilẹ̀kùn ò ní padà sáàyè rẹ̀ mọ́. Ní tèmi, ẹni tí kò bá ní ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ mọ́jú, tàbí ilẹ̀kùn irin tó ń ká wálẹ̀ níwájú rẹ̀, kó fi í sílẹ̀.

Èyí tó ní férémù àti hínjì ni mo fara mọ́ fún ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n gé ègé kan fún yín wò lára alumíníọ́mù tí wọ́n fẹ́ lò. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 2 máa ń di súkúrù mú; èyí tó jẹ́ 1.2, bí ilẹ̀kùn bá gbá fúngbà díẹ̀, súkúrù á bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn tí èmi àti ìyàwó mi ní ní Ṣàgámù ló kọ́ mi ní ti hínjì. Ẹni tó bá wa ṣe é jẹ́ kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta, èyí tó dára, torí bí iná bá ṣẹ́ yọ, èrò á kàn tì í jáde ni. Ṣùgbọ́n ìta náà ni igi hínjì wà, irú èyí tó ṣeé yọ. Lóru ọjọ́ kan, àwọn olè gbá igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ sókè, wọ́n sì yẹ ilẹ̀kùn láti ẹ̀gbẹ́ yẹn. Lọ́ọ̀kù ṣì wà ní títì nígbà tí a dé láàárọ̀. Ẹ béèrè hínjì tí súkúrù kékeré de igi rẹ̀ nínú, tí ọwọ́ ò lè dé ìdí rẹ̀ àfi bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Kí lọ́ọ̀kù di férémù mú lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, kó bá ojú ilẹ̀kùn dọ́gba. Èyí tó bá yọ gọngọ, wọ́n lè fi pílíásì kán an.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì ló máa ń ṣi àwọn tó ń rà á lọ́nà jù. Gíláàsì lásán máa ń fọ́ ṣóṣóró bí ọ̀bẹ, kò yẹ ẹnu ọ̀nà tí èrò ń gbà. Tempered, gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le, lágbára tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, bó bá sì fọ́, wẹ́wẹ́ ló ń dà, kì í gé èèyàn yánnayànna. Àmọ́ ara èèyàn ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ọjà: bó bá ti fọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń já lulẹ̀, ọ̀nà ti là nìyẹn. Laminated, gíláàsì méjì tí wọ́n fi ike tín-ínrín lẹ̀ pọ̀, máa ń sán láìjábọ́. Kí olè tó lù ú já, ariwo á ti jí àdúgbò. Ó wọ́n jù, mo mọ̀. Ẹ yọ owó náà nínú ti tíńtì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn aláwọ̀ wúrà.

Ní ti àwọ̀, ẹ mú èyí tó wù yín. Kìkì pé kí wọ́n má ṣí ọ̀rá ara férémù kí àwọn bíríkìlà tó parí, torí sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ alumíníọ́mù, àpá rẹ̀ kì í lọ. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kà á lójú wọn.