ERC, ètò àyẹ̀wò olówó, àbí ojú ẹnjiníà: èwo ni kí ẹ náwó lé fún schematic yín?

Ẹ má tíì tọwọ́ bàpò. ERC, àyẹ̀wò òfin iná, ti wà nínú ètò tí ẹ fi ń ya schematic, ìyẹn àwòrán bí ẹ ṣe so àwọn ẹ̀yà bọ́ọ̀dù pọ̀. Ti KiCad, ọ̀fẹ́ ni; ti Altium Designer àti OrCAD wà nínú owó tí ẹ ti san. (Ti EAGLE náà wà, àmọ́ Autodesk ti kéde pé 7 oṣù Kẹfà 2026 ni òpin rẹ̀, ẹ má ra ohunkóhun mọ́ ọn.)

ERC mọ wáyà dáadáa. Ẹsẹ̀ IC (ṣíìpù) tí ẹ gbàgbé láti so, ẹsẹ̀ méjì tó ń tú iná jáde tí ẹ so pọ̀, gbogbo ìyẹn ló ń mú. Iye gan-an ni kò mọ̀. Ẹ wo régúlétọ̀ tó ń lo 0.8 V níbi ẹsẹ̀ feedback, ẹsẹ̀ tó fi ń mọ iye iná tó ń jáde: rẹsísítọ̀ òkè 31.6 kΩ, ti ìsàlẹ̀ 10 kΩ, 3.3 V ló ń jáde. Ẹ ṣèèṣì pààrọ̀ ipò wọn, ó di nǹkan bíi 1.05 V, ERC ò sì ní sọ nǹkan kan. Kàpásítọ̀ 6.3 V lórí iná 12 V ńkọ́? I2C, wáyà méjì tí àwọn IC fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí kò ní rẹsísítọ̀ tó ń fà á sókè ńkọ́? Kò rí wọn.

Irú àwọn àṣìṣe wọ̀nyí ni ètò olówó, ètò àyẹ̀wò tí ẹ ń san owó lọ́tọ̀ fún, ń wá, torí ó mọ agbára IC kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tọ wáyà láti bọ́ọ̀dù kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n IC tí kò bá sí nínú àkójọ rẹ̀, afọ́jú ni sí i. Ẹ bi olùtajà: ta ló ń fi IC tuntun kún un, èmi tàbí ẹ̀yin? Sáfà ta ni schematic mi ń lọ? Èyí tó bá ń fi AI ka datasheet (ìwé àlàyé IC), kó tọ́ka sí ojú ìwé tó ti rí ohun tó sọ. Ó lè fi ìdánilójú pe nọ́ńbà ẹsẹ̀ tí kò sí.

Ẹnjiníà mìíràn ló mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn. TX (ẹsẹ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́) tí ẹ so mọ́ TX lè kọjá lójú ERC, torí pé ẹsẹ̀ microcontroller (IC tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà kékeré) sábà máa ń jẹ́ àwọlé-àbọ̀jáde nínú library, àkójọ àmì àwọn IC. Òun á rí i, á sì tún béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá ki bátìrì bọ̀ ọ́ sódì. Àmọ́ ó ń rẹ̀ ẹ́, wákàtí rẹ̀ sì wọ́n. Ẹ má lo ẹni tó ya schematic náà.

Bọ́ọ̀dù kékeré tó ní microcontroller kan? ERC àti ẹnjiníà kan tó. Bọ́ọ̀dù púpọ̀ tí kọnẹ́kítọ̀ so pọ̀ ni ètò olówó ti tó owó rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fún olùtajà ní schematic àtijọ́ tí ẹ ti mọ gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹ ka èyí tó mú, ẹ tún ka ìkìlọ̀ òfìfo tó dà sílẹ̀, torí bí ìyẹn bá pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó máa ka ìkìlọ̀ gidi mọ́. Olùtajà tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ fi í sílẹ̀.