Ìrírí wa pẹ̀lú káńsù àti àwọn agégi lórí igi óákù ẹ̀yìnkùlé wa ní Lọ́ńdọ̀nù

Ilé tí èmi àti ọkọ mi rà ní gúúsù-ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ní igi méjì ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan jẹ́ igi óákù ńlá tí ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé náà, èkejì sì jẹ́ igi ṣẹ́rì tí ó ti kú sórí ìdúró. A fẹ́ gé méjèèjì. Òjìji óákù náà kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ ilé ìdáná wa láti ọ̀sán títí di alẹ́, ewé rẹ̀ ń dí ọ̀nà omi òrùlé nígbàkúùgbà tí ó bá wọ́wé, ọkọ mi sì ń wo gbòǹgbò rẹ̀ bí ohun tí yóò wó ògiri wa lọ́jọ́ kan. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni a fi wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà, tí a bá káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò wa, àti ẹgbẹ́ agégi méjì ṣe. Mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ olúkúlùkù wọn ti rí, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń ra ilé ní ìlú yìí ni kò mọ̀ pé igi tí ó wà nínú ọgbà ẹni lè jẹ́ èyí tí òfin ti dáàbò bò.

Àwọn agégi àkọ́kọ́ ni wọ́n fúnra wọn wá wa wá. Wọ́n ti ìwé pélébé kan bọ ẹnu ọ̀nà wa, mo pè wọ́n láàárọ̀, wọ́n sì dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀gá wọn wo igi méjèèjì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní £1,200 ni òun yóò gbà, kí a san án lówó lọ́wọ́, àti pé bí a bá gbà, òun yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo béèrè bóyá a nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni, ó ní rárá, pé ilé wa ni. Mo béèrè ìwé adójútòfò rẹ̀, ó ní ó wà nílé. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n kan ní ìjọ wa, ohun kan náà ni òun náà sọ: “Ilé yín ni, igi yín ni. Kí ló kan káńsù níbẹ̀?” Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Ní ìlú bàbá mi, kò sẹ́ni tí ó jẹ́ jí lówùúrọ̀ kí ó kàn gbé àáké ti ìrókò láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, bí igi náà tilẹ̀ wà nínú oko rẹ̀, nítorí náà kò ṣàjèjì sí mi pé igi lè ní ẹni tí a ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo tú àwọn ìwé tí lọ́yà wa kó fún wa nígbà tí a ra ilé náà. Ó wà níbẹ̀, nínú àbájáde ìwádìí tí lọ́yà ṣe lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, pé igi óákù náà wà lábẹ́ àṣẹ ìdáàbòbò igi tí wọ́n ń pè ní TPO (Tree Preservation Order), àti pé gbogbo òpópónà wa wà nínú àgbègbè tí wọ́n ń pè ní conservation area, ìyẹn àgbègbè tí òfin ń dáàbò bo ìrísí rẹ̀. A ti buwọ́ lu ìwé yẹn láì ka ojú ewé náà. Òkèèrè ni ó yẹ kí a ti máa wo igi gogoro yìí, kí a tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ohun tí mo kọ́ nípa òfin náà nìyí, ti ilẹ̀ England nìkan sì ni mò ń sọ. Òfin Town and Country Planning Act ti ọdún 1990, pẹ̀lú ìlànà tí wọ́n ṣe lórí igi ní ọdún 2012, fún káńsù lágbára láti fi TPO sórí igi kan ṣoṣo, ọ̀wọ́ igi, tàbí igbó kan lódindi. Bí TPO bá ti wà lórí igi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e lulẹ̀, bẹ́ orí rẹ̀, gé ẹ̀ka rẹ̀, fà á tu, tàbí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é léṣe láìgba ìyọ̀ǹda káńsù ní kíkọ sílẹ̀, títí kan gbòǹgbò tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ ìgégi àti ẹni tí ó ní kí ó gé e, ọwọ́ òfin lè tẹ àwọn méjèèjì. Títí di oṣù kẹta ọdún 2015, £20,000 ni owó ìtanràn tí ó ga jù lọ tí ilé ẹjọ́ májísíréètì lè bu lé ẹni tí ó pa irú igi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò ní gbèdéke mọ́, ilé ẹjọ́ sì gbọ́dọ̀ wo èrè tí ẹni náà jẹ tàbí tí ó fẹ́ jẹ lórí gígé igi náà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tó ti pípa igi lè fa ìtanràn tí ó tó £2,500. Bí ọkùnrin olówó lọ́wọ́ yẹn bá ti gé óákù wa lulẹ̀, yóò ti gba £1,200 rẹ̀ lọ, àwa ni káńsù ìbá kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn wa.

Ti conservation area yàtọ̀ sí ti TPO, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú. Ní irú àgbègbè bẹ́ẹ̀, igi tí kò tilẹ̀ ní TPO, bí ìtì rẹ̀ bá ti nípọn ju mìlímítà 75 lọ níbi tí ó fi mítà 1.5 ga láti ilẹ̀, o gbọ́dọ̀ fi tó káńsù létí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí o tó fọwọ́ kàn án. Káńsù kò lè sọ pé àwọn kò gba ìfitónilétí náà. Ohun méjì péré ni wọ́n lè ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, tàbí kí wọ́n fi TPO sórí igi náà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Igi tí ó ti ní TPO tẹ́lẹ̀, bíi óákù wa, ìlànà TPO ni a ó tẹ̀ lé lórí rẹ̀.

Ní báyìí, iṣẹ́ káńsù fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè náà, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ fi yàrá kún ilé rẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí ìwé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti kún fọ́ọ̀mù, lórí Planning Portal, ìkànnì tí wọ́n ti ń gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó sì gbà wá ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Wọ́n fẹ́ àwòrán tí ó fi ibi tí igi wà hàn, orúkọ irú igi tí ó jẹ́, ohun tí a fẹ́ ṣe sí i gan-an, àti ìdí rẹ̀. “A fẹ́ gé e kù díẹ̀” kò tó. Mítà mélòó, láti ibo, ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí a kò kà dáadáa ni pé, bí o bá sọ pé igi ń ṣàìsàn tàbí pé ó ń ba ilé jẹ́, o gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí onímọ̀ ṣe ìdí ọ̀rọ̀ rẹ. A kàn kọ ọ́ pé gbòǹgbò lè wó ògiri, láìsí ìwé ẹlẹ́rìí kankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni òfin fún káńsù láti dáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí ẹnikẹ́ni tó yọjú. Mo pe fóònù, ẹ̀rọ ni ó ń dá mi lóhùn; mo kọ ímeèlì méjì, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ó gbà kí èsì tó dé. Èyí ni àbùkù tí ó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ wọn, nítorí nígbà tí òṣìṣẹ́ tí ó ń bójú tó igi dé nígbẹ̀yìn, ìṣẹ́jú ogójì tí ó lò pẹ̀lú wa wúlò ju gbogbo ohun tí a ti kà lọ.

Ó yí óákù náà ká, ó fi òòlù kékeré kan ìtì rẹ̀ láti gbọ́ bí inú rẹ̀ ti dún, ó sì wo ìpìlẹ̀ ilé níta àti nínú. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé ohun tí kò sẹ́ni tí ó sọ ọ́ fún wa rí. Ilẹ̀ amọ̀ ni ó wà lábẹ́ púpọ̀ nínú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò bá wọ́n, igi ńlá bíi óákù máa ń fa omi inú amọ̀ náà, amọ̀ á sún kì, ilé lè rì níbi kan, ògiri á sì là. Ẹ̀rù tí ń ba ọkọ mi kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gé irú igi bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi tí igi ti ń mu á kù sínú amọ̀, amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì lè ti ìpìlẹ̀ sókè, pàápàá níbi tí igi bá ti dàgbà ju ilé lọ gẹ́gẹ́ bí tiwa. Igi tí a ń bẹ̀rù pé yóò wó ilé, gígé rẹ̀ gan-an ni ó lè ba ilé jẹ́. Kò sí ìlà kankan lára ògiri wa, nítorí náà ó ní òun kò rí ìdí tí a ó fi gé e, àti pé bí a bá ta kú, káńsù yóò kọ̀ fún wa; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni a ń wá, kí a fa ìwé àkọ́kọ́ yẹn padà, kí a sì kọ òmíràn láti dín orí igi náà kù ní mítà méjì yíká, kí a sì gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dùn mí, nítorí bí wọ́n bá ti lè jẹ́ kí a bá òṣìṣẹ́ yẹn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó kọ ohunkóhun, ìwé àkọ́kọ́ náà ìbá má wáyé rárá. Ìyọ̀ǹda lórí ìwé kejì dé nínú oṣù kẹjọ, ó péye, ó sì yé wa: ohun tí a lè gé, pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá BS 3998 mu, ìyẹn ìlànà ilẹ̀ Britain lórí iṣẹ́ igi gígé, àti pé ọdún méjì ni àṣẹ náà yóò fi wà. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Planning Inspectorate, àjọ ìjọba tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ 28, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti igi ṣẹ́rì rọrùn. Igi tí ó ti kú kò nílò ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi tó káńsù létí ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú, a sì gbọ́dọ̀ gbin òmíràn dípò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ní kí a ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa kí a tó gé e, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá pè wá lẹ́jọ́, àwa ni a ó fi hàn pé ó ti kú.

Àwọn agégi kejì, aládùúgbò wa kan ni ó júwe wọn. Ìbéèrè tí ọ̀gá wọn fi kí wa ni pé, “Ṣé ẹ ti wò ó lọ́dọ̀ káńsù?” Ó mú ìwé adójútòfò àti ìwé ẹ̀rí lílo ẹ̀rọ ìgégi jáde kí a tó béèrè. Ó kọ iye owó sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, £1,450 lápapọ̀, ó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú oṣù kẹjọ nígbà tí ó rí ìtẹ́ ẹyẹ kan tí ọmọ ẹyẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Òfin Wildlife and Countryside Act ti ọdún 1981 ka bíba ìtẹ́ tí ẹyẹ ṣì ń lò jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì tún wo ihò ara ìtì bóyá àdán ń gbé ibẹ̀, nítorí òfin dáàbò bo àdán àti ibùgbé rẹ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n padà wá, àwọn mẹ́ta, wọ́n sì lo odindi ọjọ́ kan. Láti òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan lórí igi, ẹnì kan nídìí okùn, tí wọ́n ń fi okùn sọ ẹ̀ka kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sì sí èyí tí ó kan ọgbà aládùúgbò. Ibi tí wọ́n ti kùnà ni pé wọ́n fi ọjọ́ méjì yẹ̀ láìpè wá títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n dé, ọkọ̀ wọn sì ba koríko iwájú ilé wa jẹ́. Yíyọ kùkùté igi ṣẹ́rì kò sí nínú owó náà. £120 ni a tún san lórí rẹ̀.

Aládùúgbò náà béèrè bóyá òun lè gé ẹ̀ka óákù tí ó ré kọjá sí ọ̀dọ̀ òun. Òṣìṣẹ́ káńsù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gé e dé ààlà ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí TPO ti wà lórí igi náà, òun náà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda, ẹ̀ka tí ó bá sì gé, tiwa ni. A kúkú jọ fi tirẹ̀ kún ìwé kejì ni.

Ní ti máàkì, mo fún àwọn agégi kejì ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìmọ̀ òṣìṣẹ́ káńsù gba márùn-ún, ìlànà àti ìdáhùn káńsù gba méjì péré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè nǹkan kí ó tó kún fọ́ọ̀mù, mo sì ń retí èsì. Àwọn agégi àkọ́kọ́ kò gba máàkì kankan lọ́wọ́ mi. Ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ ilé ìdáná wa báyìí títí di bí aago mẹ́rin, óákù náà ṣì dúró síbẹ̀, igi rowan kékeré kan sì ti wà níbi tí igi ṣẹ́rì wà, tí ọkọ mi ń bomi rin ní alaalẹ́.