Fúlàtì olówó pọ́ọ́kú àbí ilé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé tí apá yín ká, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni fúlàtì tí kọ́ńtírátọ̀ ti kọ́ parí, tó ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Èkejì ni ilé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: àwọn tí yóò gbé ibẹ̀ jọ dáwó, wọ́n sì bá ayàwòrán ilé jókòó kí ìpìlẹ̀ tó wọlẹ̀. Mo ti ra ti àkọ́kọ́ rí. Inú èkejì ni mò ń gbé báyìí.

Ní ti ìyára, fúlàtì ló borí. Ẹ sanwó, ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Ìpàdé ẹgbẹ́ ń gba sùúrù.

Ní ti ààyè, yàrá ti ẹgbẹ́ lè kéré, àmọ́ ẹ wo La Borda, ilé ẹgbẹ́ kan ní Barcelona ní Sípéènì, ilé onípákó tí Lacol, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé, yà, tó parí ní 2018. Fúlàtì 28 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń pín ilé ìfọṣọ, kíṣìnì ńlá àti yàrá àlejò. Wọn ò gbẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí sábẹ́ ilẹ̀ rárá, torí owó gọbọi nìyẹn.

Ní ti títà, ìlú ló ni ilẹ̀ La Borda, ó fi yá ẹgbẹ́ fún ọdún 75. Ẹ̀tọ́ àtigbé ibẹ̀ ni ẹ ní, ẹ ò lè tà á jèrè. Ẹni tó ń wá èrè, ẹ lọ ra fúlàtì.

Ó wá ku páìpù. Nínú fúlàtì tí mo rà, inú ògiri balùwẹ̀ ni wọ́n ri páìpù ìdọ̀tí gbogbo pètéésì náà mọ́, wọ́n lẹ táìlì bò ó, kò sí ilẹ̀kùn tí èèyàn lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó jò, àbàwọ́n lára àjà ará ìsàlẹ̀ la kọ́kọ́ rí. Pulọ́ńbà ní àfi ká fọ́ ògiri. A fọ́ tèmi, ibẹ̀ kọ́ ló ti ń jò. Ará òkè kọ̀ kí wọ́n fọ́ tiẹ̀, òun náà fowó rà á ni. Kò sí ẹgbẹ́ tí yóò dá sí i, kò sí àpò tí a jọ ní. Omi ò dúró dè wá. Táìlì, bíríkìlà, ọ̀dà fún ará ìsàlẹ̀, èmi ni mo san gbogbo rẹ̀, owó tí mo rò pé mo rí jẹ nínú ilé náà bá a lọ.

Níbi tí mo wà báyìí, ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ni páìpù gbà, ilẹ̀kùn irin wà níbẹ̀ ní òkè kọ̀ọ̀kan. Bó bá jò, pulọ́ńbà á ṣí i láìwọ ilé ẹnikẹ́ni. Balùwẹ̀ to léra wọn láti òkè délẹ̀, páìpù ò rìn jìnnà. Àwọn tó mọ̀ pé àwọn ni yóò sanwó àtúnṣe ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ayàwòrán.

Ọ̀nà kẹta wà fún ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́: ilé ààbọ̀. Ní Quinta Monroy, ní Iquique ní Chile, dọ́là 7,500 ni ìjọba gbé kalẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ayàwòrán ilé Alejandro Aravena àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Elemental, fi kọ́ kíṣìnì, balùwẹ̀ àti àtẹ̀gùn, ibi tó le jù, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún onílé.

Tí ẹ bá ń kánjú, tàbí tí ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀, fúlàtì dára. Tí ẹ bá fẹ́ fìdí kalẹ̀, tí ẹ sì lè jókòó sípàdé, ti ẹgbẹ́ ni kí ẹ bá lọ. Èyí tó wù kó jẹ́, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn páìpù hàn yín. Tó bá jẹ́ ògiri ni wọ́n nawọ́ sí, ẹ dá owó yín padà sápò.