Ẹ ṣọ́ra fún aago ọwọ́ tí wọ́n ní ó ń tún ara rẹ̀ ṣe lóru

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó. Ọkùnrin kan ń ta aago ọwọ́ ní ìtòsí gáréèjì Kàbà, mo sì gbọ́ pé ó ti ń gbé e dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Ó ní aago òun ń gba àkókò láti inú afẹ́fẹ́, pé lóròòru ló ń tún ara rẹ̀ ṣe, kò sì ní fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣìnà láéláé. Mo ra ọ̀kan ní 45,000 náírà. Jìbìtì gbáà ni.

Bàbá mi ni mo rà á fún. Ẹni àádọ́rin ọdún ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Láràárọ̀, wọn a gbé rédíò kékeré wọn sétí. Bí ìròyìn aago méje bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn a wo ọrùn ọwọ́ wọn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n pè mí jókòó: "Ọmọ mi, aago yìí ń rìn lẹ́yìn o." Ìṣẹ́jú kan ló ń fi sẹ́yìn lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fọwọ́ ara wọn tún un ṣe láìsọ fún mi, torí wọn ò fẹ́ kí inú mi bàjẹ́. Ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ aago. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀: bátìrì róbótó kan, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ oníke funfun kan, ó parí. Ó wá mú aago mìíràn tí ẹnì kan gbé wá tún ṣe, èyí tí wọ́n rà ní Jámánì, ó ṣí òun náà. Irin dúdú tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kò gùn tó ìdajì igi ìṣáná, wọ́n sì fi wáyà bàbà wé e yípo-yípo bí òwú lára kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Etí tó fi ń gbọ́ nìyí. Tìrẹ ò létí."

Aago olóòótọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wà o. Iléeṣẹ́ Junghans ti Jámánì ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ tí à ń wọ̀ sọ́wọ́ jáde lọ́dún 1990. Òpó rédíò kan wà ní Mainflingen, nítòsí Frankfurt, tí aago átọ́ọ̀mù, aago tó péye gan-an, ń darí. Òpó náà ń gbé ìgbì jáde lórí 77.5 kHz. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, agbára ìgbì náà á rọlẹ̀ fẹ́ẹ́: bó bá jẹ́ fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, òdo nìyẹn, bó bá jẹ́ ìdá méjì, oókan ni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń lu ìlù, kúkúrú, gígùn, kúkúrú, títí wákàtí, ìṣẹ́jú àti ọjọ́ á fi pé. Bó bá wá kan ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn, kò ní rọlẹ̀ rárá. Àlàfo yẹn ni aago ń dúró dè, torí ohun tó bá tẹ̀ lé e ni ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú tuntun. Lẹ́yìn òru gànjọ́ ni ọ̀pọ̀ aago wọ̀nyí ń tẹ́tí, nítorí ìgbì máa ń rìn jìnnà lóru. Láàárín ọ̀sán, kírísítálì kuọ́tísì inú rẹ̀, òkúta tín-ín-rín tó ń gbọ̀n déédéé, ló ń kà á lọ, bí aago yòókù. Aago kuọ́tísì lásán lè fi bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹ̀ lóṣù.

Ibi tí irọ́ ọkùnrin yìí ti hàn nìyí: nǹkan bí 2,000 kìlómítà ni ìgbì Mainflingen ń dé. Láti ibẹ̀ dé Kàbà ju 4,500 lọ. Àwọn òpó yòókù wà ní Anthorn ní Gẹ̀ẹ́sì, Fort Collins ní Amẹ́ríkà, méjì ní Japan, ọ̀kan ní Ṣáínà. Ìkankan wọn ò sí nítòsí wa. Òpó tí ọkùnrin náà nawọ́ sí lórí òkè tó ní "ẹ wò ó lọ́ọ̀ọ́kán", òpó fóònù ni.

Nítorí náà, ká ní ojúlówó ló tilẹ̀ tà fún mi, irọ́ ṣì ni ìlérí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín lè mú ti Jámánì wálé. Aago tó dáa ni, ẹ máa wọ̀ ọ́, àmọ́ ọwọ́ lẹ ó máa fi tún un ṣe níbí. Ẹ má fi owó kún un tìtorí òpó tí kò lè gbọ́. Àwọn tó ń gba àkókò láti ara sátẹ́láìtì GPS, tàbí láti inú fóònù yín nípasẹ̀ Bluetooth, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa.

Ọkùnrin tó ń tà á yìí máa gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, kí ẹ rí i pé wọ́n dọ́gba. Ó ti tò ó kó tó jáde nílé ni. Ẹ ní kó fi aago náà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú méje lójú yín, kó fi í sójú fèrèsé mọ́jú, kí ẹ wá wò ó láàárọ̀ kí ẹ tó sanwó. Nígbà tí èmi padà lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ńṣe ló ń palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́. Ó ní ọjà tóun bá ti tà kò ní àbọ̀, kò sì gbé ìpè mi mọ́.

Bí ẹ bá ti ra irú rẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì ya rìsíìtì yín. Ẹ kọ ìlú tí ẹ ti rà á àti iye tí ẹ san sísàlẹ̀ níbí. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, mo fẹ́ ká jọ kó wọn lọ bá àwọn alága ọjà ní Kàbà.