Bọ́ọ̀sì tó gbé wa lọ wo ìtàn àwọn Africville Sea-Sides ní Halifax

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Nova Scotia ní Canada, ẹ jẹ́ n sọ èyí fún yín. Ọmọ mi ń ṣe gólìkípà họ́kì orí yìnyín, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a jókòó nínú òtútù yẹn, eré òyìnbó ni mo kà á sí, àfìgbà tí ìyá ẹ̀ sanwó fún àwọn kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé èèyàn kiri ibi ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú.

Sea-Sides yìí, tíìmù họ́kì Africville ni, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Halifax, wọn kì í ṣe eléré olówó oṣù. 1895 làwọn àgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi aláwọ̀ dúdú dá líìgì tiwọn sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Eurekas ti Halifax wà ńbẹ̀, Jubilees ti Dartmouth wà ńbẹ̀, Truro náà ní tiwọn. NHL, líìgì họ́kì tó tóbi jù, ò tíì sí nígbà yẹn o, 1917 ni wọ́n dá ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìnyín ló dùn mí jù. Àfi táwọn òyìnbó bá gbá tiwọn tán ni wọ́n tó ń yọ̀ǹda pápá fún wọn, ìgbà yẹn òtútù ti ń lọ, yìnyín ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo Henry "Braces" Franklyn, gólìkípà Jubilees, ó máa ń ṣubú sórí yìnyín láti dí góòlù, nígbà tí òfin àwọn òyìnbó ní kí gólìkípà máa dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, 1918 ni NHL tó gbà á láyè. Bí màmá tó ń mú wa kiri ṣe sọ ọ́ báyìí, ọmọ mi kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní "ṣé báyìí ni, mà?" Màmá yẹn di ọwọ́ ẹ̀ mú, kò tètè fi sílẹ̀.

Àwọn òbí màmá náà gbé Africville. Wọ́n ń san owó orí, ìlú ò fa omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn, nígbà tó yá ìlú wó gbogbo àdúgbò, òru ni wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní 1967. 2010 ni ìlú tó tọrọ àforíjì. Wọ́n ti kọ́ irú ṣọ́ọ̀ṣì náà padà, òun ni mùsíọ́ọ̀mù báyìí, ó kọjú sí omi Bedford Basin.

Àwọn oníbọ́ọ̀sì ò ṣe dáadáa tó ṣá. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi pẹ́, wọ́n wá ń lé wa jáde ní mùsíọ́ọ̀mù bíi pé ilé ń jó, ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ gbá slapshot, ìyẹn kéèyàn gbé igi họ́kì sókè kó fi gbogbo agbára gbá a, ni wọ́n sì fi gba àkókò lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn, ti màmá yẹn ni mẹ́ta ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ wọ kóòtù tó nípọn, atẹ́gùn etí omi yẹn ò ṣeé fojú di. Àwa ń padà lọ ní Sátidé, mọ́tò wa la máa gbé.